Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ tí Wọ́n Ń Gbẹ́ fún Ewúrẹ́

"Ta ló fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbí?" Mo pariwo tán, mo tún un pa. "Ṣé ewúrẹ́ ni?"

Ẹ̀rọ tó ń ri èèkàn kò dá mi lóhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ri èèkàn, wọn ò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó gbé ẹsẹ̀ irin ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó fi orí gbá èèkàn wọlẹ̀, gbì! Ewúrẹ́ méjì tó ń jẹko nítòsí ibẹ̀ gbójú sókè wò ó, wọ́n tún padà sídìí koríko wọn. Lórí gbogbo pápá Òkè-Ìpàyè láàárọ̀ yẹn, èmi, ẹ̀rọ náà, àti àwọn ewúrẹ́ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọdé kankan ò sí. Kí ni ọmọdé fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Gbogbo ọmọ Ìpàyè ń gbé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Orí-Omi, nínú àwọn ilé tó léfòó, níbi tí omi dúdú ti ń lu ilẹ̀kùn wọn tọ̀sán-tòru.

Èmi Ìbídùnní ni akọ̀wé ètò ìgbafẹ́ fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpàyè. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń lé púùlù yìí kiri. Èmi ni mo ní kí apá kan rẹ̀ má jìn ju orúnkún ọmọ kékeré lọ. Èmi ni mo jà títí wọ́n fi gbà pé kí ọjọ́ kan wà fún àwọn obìnrin nìkan, kí aṣọ ìkélé sì wà níbẹ̀, nítorí àwọn Àlhájà Orí-Omi ti sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn ò ní ṣíra sílẹ̀ lójú ọkùnrin kankan. Yàrá tí àwọn àgbà á ti máa na ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n, pápá bọ́ọ̀lù lórí òrùlé, ìjókòó tó ní ìbòòji fún àwọn ìyá tó bá ń dúró de ọmọ wọn, gbogbo ẹ̀ ni mo fi ẹnu ara mi bèèrè láti ilé dé ilé. Wọ́n wá gba gbogbo ẹ̀ láìyọ ẹyọ kan, wọ́n gbé e gun orí òkè níbi tí kò sẹ́nì kan! Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa rẹ́rìn-ín?

Mo tẹ ẹ̀rọ tó wà létí mi. "Aṣètò!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?"

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n fún un ní ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, ohùn ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Kì í bínú, kì í rẹ̀ ẹ́. Òun ló ń pín gbogbo ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ kọ́, láti orí ilé ìwòsàn dé orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i lọ́kàn padà. Ìyẹn gan-an ló fi ń bí mi nínú.

"Dá ẹ̀rọ èèkàn yìí dúró kíá."

"Ì bá wù mí láti ṣe bẹ́ẹ̀, mà, àmọ́ òfin ò fún mi láyè. Ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ bá pọ̀ sí jù ni kí n gbé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí. Ní Ìpàyè, orí òkúta ìforúkọsílẹ̀ àwọn ilé Òkè ni ọwọ́ àwọn ọmọ pọ̀ sí jù."

"Ṣé ojú rẹ ò rí i pé kò sẹ́nì kankan níbí ni?"

"Mo rí i, mà. Mo rí ewúrẹ́ mẹ́rin."

"Méjì ni!"

"Méjì tó kù wà lẹ́yìn igi yẹn, mà."

Mo bojú wẹ̀yìn igi. Méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Inú mi ru débi pé mo gbá èèkàn kan nípàá, ìka ẹsẹ̀ mi ló sì jìyà rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni Aṣètò wí. "Bí oòrùn bá wọ̀ lónìí, ètò yìí ti dì nìyẹn, a ò sì ní ṣí i mọ́ títí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ báyìí á fi dàgbà. Àfi bí olórí ẹbí tí ọmọ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí òkúta Òkè, tó gbé e lé ti Orí-Omi. Ilé Jagunlabí nìkan tó, mà. Ṣé kí n bá yín pe Bàbá Látẹ́jú?"

"Má pè é! Bàbá mi ni."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ bá mi kí wọn."

Mo pa á. Kò tíì tó ìṣẹ́jú tí Alága fi pè mí. Àkànjí lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti ń sá kúrò nílé ìwé.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà mí láàmú lónìí," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ń gbá èèkàn ìjọba nípàá."

"Ẹ wá fojú ara yín wo ibi tí ẹ fẹ́ gbé púùlù sí, Alága! Ọkọ̀ orí okùn ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò. Báwo ni ọmọ ọdún márùn-ún ṣe fẹ́ máa gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn wá lúwẹ̀ẹ́, kó tún máa fẹsẹ̀ rìn padà?"

"Èmi kọ́ ni mo yan ibẹ̀. Aṣètò ló yàn án. Ìyá wa, ẹ̀yin náà ò gbàgbé bó ṣe rí nígbà tí àwọn alága ń fọwọ́ ara wọn yan ibi tí nǹkan máa wà. Ẹ̀yìnkùlé ìyàwó wọn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Ṣé ẹ fẹ́ ká padà síbẹ̀ ni?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí pé òótọ́ ni. Mo rántí pápá ìṣeré tí alága kan kọ́ tira pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì ìyàwó rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Nítorí irú ẹ̀ la fi ní kí ẹ̀rọ máa pín nǹkan fún wa.

"Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ lọ́la sórí," ni Alága tún wí. "Wọ́n ti ń pa àgọ́. Ẹ fọwọ́ wọ́nú."

"Bí ọmọ kan bá tún kú sómi ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́," ló wí, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́! Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n wí nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa yọ̀ ṣubú láti orí pákó iwájú ilé wọn. Kò jìnnà síbi tí ìyá rẹ̀ ti ń sá aṣọ. Ọmọ náà ò mọ̀wẹ̀. Níbo ni ì bá ti kọ́ ọ? Omi abẹ́ ilé wa kì í ṣe omi tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀ nínú rẹ̀. Epo ni, ìdọ̀tí ni, bó bá kan awọ ara, awọ á bó. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ìjọba sáré ṣe òfin: láti sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, ọmọ tí kò bá ní àmì ìwẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó wọn lọ sílé ìwé. Ọkọ̀ mìíràn ò sì sí. Tẹniọlá ọmọ ọmọ mi wà lára wọn. Ó ti ń fi kálámù yàwòrán àmì náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó rò pé ọkọ̀ ò ní mọ̀.

Mo kúrò ní pápá, mo forí lé ilé Bàbá. Ibi àtẹ̀gùn ni mo ti pàdé Ṣàlímọ́tù, ìyàwó àbúrò mi, ó pọn ọmọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wá gbálẹ̀ agboolé ni. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ làwọn ìyàwó ilé ń gòkè wá gbálẹ̀ ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ àfi Bàbá.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ lóòótọ́?"

"Wọ́n ti ń ri èèkàn. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣebí mo ní kó wá bá Bàbá sọ̀rọ̀?"

Ó bojú wolẹ̀. "Ó lóun máa wá."

"Ìgbà wo? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bomi sí i tán?"

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ta ló fẹ́ la irú ẹnu bẹ́ẹ̀ síwájú Bàbá? Kí Bàbá gbé ọwọ́ lé òkúta Orí-Omi, kó di pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ, kí ìjọba wá gbé wọn, kí wọ́n tì wọ́n bọ iná?" Ó gbọn ara rẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú. "Astagfirulláì! Èmi ò lè ronú ẹ̀, ká má tíì sọ pé kí n fẹnu wí i."

"Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí ńkọ́? Ṣé o lè ronú tiẹ̀?"

Ojú ẹ̀ kún fún omi, mo sì kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Ó yí ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó ń bá tirẹ̀ lọ sókè.

Àbí ẹ̀bi ta ni ká pè é? Ẹ̀bi gbogbo wa ni. Nígbà tí òfin òkúta dé, wọ́n ní kí kálukú lọ gbé ọwọ́ lé òkúta ibi tó ń gbé. Ìlú mìíràn gbọ́, wọ́n gbé ọwọ́ síbi tí wọ́n ń sùn. Àwa Ìpàyè kọ́! A wọṣọ tuntun, a tú jáde láti Orí-Omi, a gun òkè lọ, kálukú lọ gbé ọwọ́ lé òkúta agboolé bàbá rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ará Orí-Omi? Ṣé inú omi ni wọ́n bí i sí? Wọ́n tún ní ibi tí ọwọ́ ènìyàn bá wà ni wọn ó sin ín sí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí omi, iná ìjọba ló ni ín, torí omi kò níbi tí wọ́n ń gbẹ́. Ìyẹn ló tún wá dá ẹ̀rù pa wá. Àwọn bàbá wa sì tún lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n má tú ẹbí ká, pé kí ọwọ́ olórí ẹbí máa dúró fún gbogbo ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ìjọba gbà fún wọn. Inú wọn dùn, wọ́n pa màlúù. Ọgbọ́n tá a gbọ́n fún ara wa nìyẹn o.

Bàbá jókòó ní pálọ̀, ó ń fi ṣíbí mu ògì. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ṣì ń tàn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi."

"Àjíkẹ́, káàbọ̀. Ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ látàárọ̀. Ìwọ àti irin lẹ jọ ń jà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

"Nígbà wo la purọ́ fúnra wa rí?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sínú láti oṣù mélòó kan wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ ti ọmọ tó ṣubú sómi. Mo sọ ti ọkọ̀ ilé ìwé. Mo ní gbogbo ọmọ Jagunlabí ni wọ́n máa fi sílẹ̀ létí èbúté, pé Tẹniọlá á wà lára wọn. Mo ní Bàbá nìkan ló kù tó lè yí i padà. Bàbá ń mu ògì. Ó mu ún tán, ó fi ìka nu etí abọ́, ó lá a. Ó pẹ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, bó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní gbà nìyẹn.

"Rárá," ló wí.

"Bàbá!"

"Mo ní rárá, Ìbídùnní. Ìyá rẹ wà nínú yàrá yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ń lọ, mo ní mo ń bọ̀ wá bá a. Mi ò lọ síbì kankan."

Ibi tí inú ti bí mi kọjá ààlà nìyẹn. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, èmi tí mi ò gbóhùn sókè sí bàbá mi rí. "Ẹni tó ti kú, kí ló kù tí iná fẹ́ ṣe fún un? Ṣé ẹ máa mọ̀ ni? Àwọn ọmọ tó wà láàyè ni mò ń sọ, ẹ̀yin ń sọ ti yàrá! Bí wọ́n bá sun yín, kí ló ṣe? Eérú ni gbogbo wa máa dà!"

Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà, kò ṣeé gbà. Bàbá ò bínú. Ó wò mí títí, bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá gbé ẹrù tó wúwo jù mí lọ.

"O ní kò ṣe nǹkan?"

Mo tún kúnlẹ̀ padà.

"Ó dáa." Ó gbójú sókè, ó ké sí afẹ́fẹ́. "Ìwọ ọmọ tí kò lójú yìí! Aṣètò!"

"Mo wà níbí, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ o," ni ohùn náà dáhùn láti ara ògiri.

"Láti òní lọ, èmi Látẹ́jú kì í ṣe olórí ẹbí Jagunlabí mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ìbídùnní àkọ́bí mi ni olórí ẹbí. Ọwọ́ tèmi ṣì wà níbi tó wà. Tirẹ̀ ni kí o máa wò báyìí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kú oríire, mà."

Bàbá kọjú sí mi. "Ó yá. Olórí ẹbí, gbé ọwọ́ tìrẹ lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ wo ẹnu mi tó ń pariwo látàárọ̀! Ohun tó kọ́kọ́ tibẹ̀ jáde ni, "Bàbá, àwọn àbúrò mi ọkùnrin ńkọ́? Ǹjẹ́ wọ́n á gbà kí obìnrin…"

"Èwo nínú wọn ló wá bá mi jà láàárọ̀ yìí?"

"Kì í ṣe ìyẹn…"

"Àbí iná ọ̀hún ti wá gbóná báyìí?"

Mi ò lè jókòó síwájú rẹ̀ mọ́. Mo wọ yàrá inú lọ.

Ààyè isà òkú mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìyá mi wà láàárín. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti Bàbá, ọwọ́ òsì ni tèmi. Ọdún tí mo kúrò nílé ọkọ ni Bàbá fún mi ní ààyè yẹn, ó ní kí n má rò pé mi ò níbi tí mò ń lọ. Èmi fúnra mi ni mo yan táìsì rẹ̀, aláwọ̀ ewé tó mọ́ rokoso, mo sì bá ẹni tó tẹ́ ẹ jà títí igun rẹ̀ fi gún. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ibi tí orí ìyá mi wà. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù iná bà mí bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọdé. Mo ń ronú pé àwọn ọmọ mi ò ní rí ibi tí wọ́n máa dúró sí bí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ mi. Mo ń ronú pé ìyá mi á máa retí mi.

Ọkàn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre. Bóyá wọ́n á tún ọkọ̀ orí okùn ṣe. Bóyá Alága lè bẹ ilé ìwé kí wọ́n sún òfin náà síwájú. Bóyá kí n tiẹ̀ kó Tẹniọlá wá máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá, kó lè máa lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù orí òkè, òun àti ewúrẹ́. Ibi tí mo dé nìyẹn kí n tó gbọ́ ara mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará Orí-Omi ti ń sọ fún mi láti ilé dé ilé, tí mo ń kanra mọ́ wọn, tí mò ń pè wọ́n ní ojo. Kò sí ọ̀kan tí mi ò sọ fún ara mi níbẹ̀ yẹn.

Láti pápá, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ náà. Gbì! Kò sinmi, kò mu omi. Gbì!

"Ẹ má bínú, Ìyá mi," ni mo wí. Mo dìde, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, nítorí mi ò fẹ́ kí Bàbá rí ojú mi.

Òkúta Orí-Omi wà létí èbúté, lábẹ́ igi àgbọn kan tó ti gbẹ. Eruku bò ó pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò gbé ọwọ́ lé e rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi í so okùn ọkọ̀ wọn ni. Mo tú okùn kúrò, mo fi etí ìró mi nù ún. Àwọn ènìyàn ti ń yọjú láti ojú fèrèsé. Mo rí Ṣàlímọ́tù tó ti sọ̀kalẹ̀ dé, ó dúró lórí pákó, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ káàsán, mà," ni Aṣètò wí. "Òfin ní kí n bi yín kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní Orí-Omi, ilẹ̀ Òkè kì í gbà á mọ́, láàyè tàbí lókùú. Kò ṣeé yí padà. Ṣé ẹ gbà?"

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ á wà lábẹ́ yín títí wọ́n á fi bàlágà, mà. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú á yan tirẹ̀. Wọ́n lè padà sí Òkè. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò lè padà."

"Gbé ẹnu kúrò níbẹ̀ kí ọkàn mi má baà yí," ni mo wí, mo sì gbé ọwọ́ lé òkúta náà.

Ó tutù. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ lára. Kò dún, kò tàn. Ṣùgbọ́n láti orí òkè, ìró èèkàn yẹn dákẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà. Ètò ti yí padà. Ẹ̀rọ èèkàn ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Orí-Omi, a ó gbé adágún náà sórí ilẹ̀ irin tí ó léfòó, omi mímọ́ ni a ó máa fà sí i láti Òkè. Ǹjẹ́ inú yín dùn sí bí a ṣe dá yín lóhùn lónìí?"

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí o! Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí. Ó ní òun dúpẹ́. Alága pè, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè, àgọ́ rẹ̀ wà lórí òkè, àwọn àlejò rẹ̀ ń bọ̀ lórí òkè, ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Mo pa á. Àwọn ìyá tú jáde láti inú ilé, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi lórí pákó, wọ́n ń ṣàdúrà. Ṣàlímọ́tù dì mọ́ mi, ó ń sunkún sí mi léjìká. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi ju bó ṣe dùn lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀, isà òkú ènìyàn la gbọdọ̀ fi rà á? Ta ló jókòó, tó ro irú òfin yìí, tó sì lọ sùn?

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo tún gun òkè lọ. Bàbá kì í jẹun alẹ́ àfi bí mo bá sè é. Ilẹ̀kùn agboolé ti tì. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo dúró kó ṣí. Kò ṣí.

"Ẹ káalẹ́, àlejò wa," ni ilẹ̀kùn wí, ohùn Aṣètò náà ni, ohùn orí ìkúnlẹ̀ yẹn. "Ta lẹ fẹ́ rí?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo tún gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ilé yìí kì í gba àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ padà wá lọ́la."

"Àlejò? Ta ni àlejò? Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí!" Mo fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn náà, mo lù ú títí ọwọ́ fi ń ro mí.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Bàbá ni, láti pálọ̀.

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò wọlé?"

Mo dúró síbẹ̀, omi ojú ń dà lójú mi, èmi arúgbó obìnrin níwájú ilé bàbá mi.

"Àlejò kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá," ni ilẹ̀kùn wí fún un. "Mo ti ní kí wọ́n padà wá lọ́la."

"Àlejò wo?" Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí láyé mi. "Àlejò wo, ìwọ ọmọ àlè? Ọmọ mi ni! Ọmọ mi nìyẹn! Ṣílẹ̀kùn!"

"Orúkọ wọn kò sí lára ọmọ ilé, Bàbá. Ẹ má bínú."

Mo gbọ́ tí àga ké. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó dúró, ó tún kan ilẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, Bàbá kì í dìde láìsí ẹni tó dì í mú.

"Bàbá, ẹ jókòó! Ẹ má dá dìde, ẹ máa ṣubú!"

"Dákẹ́," ló wí. Ó ń mí sókè sódò. "Dúró síbẹ̀. Má lọ o. Mò ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún ọ."